Kí ni a ń sọ nígbà tí a bá ní àgbáńlá ayé ń fẹ̀ sí i?

Ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé àgbáńlá ayé, ìyẹn gbogbo ohun tó wà, láti ilẹ̀ ayé wa dé ìràwọ̀ tó jìnnà jù, ń fẹ̀ sí i. Inú kí ló ń fẹ̀ sí? Ibo ni àárín rẹ̀ wà? Ta ló lọ wọ̀n ọ́n tó fi mọ̀? Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn, tí wọ́n ní kó lọ há a sórí. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀ tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó yẹ. Ìmọ́lẹ̀ ni ibi tó yẹ náà. Yàtọ̀ sí òkúta díẹ̀ tó já bọ́ láti ojú ọ̀run àti ìwọ̀nba ibi tí a ti rán ẹ̀rọ lọ, inú ìmọ́lẹ̀ ni a ti rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa òkè lọ́hùn-ún.

Ìmọ́lẹ̀ yára, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn

Kò sí ohun tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà. Pẹ̀lú eré yìí náà, kì í dé lójú ẹsẹ̀. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lójú ọ̀nà. Oòrùn jìnnà tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó sì ń tàn sí wa lára báyìí ti kúrò níbẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Tí a bá yọ oòrùn kúrò, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lọ ni Proxima Centauri. Ọdún mẹ́rin àti bí oṣù mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí ọ̀nà bá ti jìn tó báyìí, kìlómítà kò gbé e mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń lo ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn gígùn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirílíọ̀nù 9.5 kìlómítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe àkókò. Ẹ̀rọ Voyager 1, tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfuurufú ní ọdún 1977, ń sáré tó kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní eré yẹn, yóò gbà á ju 17,000 ọdún lọ kó tó rin ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo.

Ohun kan tẹ̀lé èyí tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fojú fò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé ohun tí a ń wò ti di àná, tàbí ti di ayé àtijọ́. Agbo ìràwọ̀ (ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìràwọ̀ tó wà papọ̀) tí wọ́n ń pè ní Andromeda, tí ojú lásán lè rí bí ìkùukùu kékeré níbi tí òkùnkùn bá ti pọ̀ dáadáa, jìnnà tó mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ ojú wa lónìí ti gbéra kí irú ènìyàn bíi tiwa tó wà lórí ilẹ̀ ayé. Bí a bá ṣe ń wo iwájú sí i lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni a ń wo ẹ̀yìn sí i nínú àkókò. A óò nílò èyí níwájú.

Ìràwọ̀ kì í jó bí igi ṣe ń jó

Ìràwọ̀ ni oòrùn. Ìtòsí ló jẹ́ kó tóbi lójú wa. Bí a bá gbé e lọ síbi tí àwọn tó kù wà, kò ní ju ojú kan tó ń tàn wínníwínní lọ. Ó tóbi débi pé tí a bá to ilẹ̀ ayé wa lẹ́sẹẹsẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò gba nǹkan bí 109. Ojú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 5,500°C, àárín rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 15°C.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ló ń jó níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tí a mọ̀ nílò ọ́síjìn, bí oòrùn bá sì jẹ́ ohun tó ń jó lọ́nà bẹ́ẹ̀, ì bá ti jó tán tipẹ́tipẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oòrùn wúwo gan-an, agbára òòfà rẹ̀ sì ń fún ohun tó wà láàárín rẹ̀ pọ̀ tagbáratagbára. Ìfúnpọ̀ àti ooru yẹn le débi pé háídrójìn ń lẹ̀ mọ́ háídrójìn, wọ́n sì ń di hílíọ́ọ̀mù. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù háídrójìn ló ń yí padà báyìí. Hílíọ́ọ̀mù tó jáde kò wúwo tó háídrójìn tó wọlé. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù ló dín. Ìdín yẹn ló di agbára, òun ló sì di ìmọ́lẹ̀ àti ooru tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Agbára òòfà ń fa oòrùn wọnú, ooru láti àárín ń tì í jáde, wọ́n sì ti ń bá ara wọn fà á láti nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún láìsí pé ọ̀kan borí èkejì.

Báwo ni a ṣe mọ ohun tó wà nínú oòrùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè dé ibẹ̀? Ibí yìí ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, yóò tú ká di òṣùmàrè. Tí a bá sì wo òṣùmàrè náà fínnífínní, àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wà káàkiri inú rẹ̀. Joseph Fraunhofer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1814 láìmọ ohun tó fà wọ́n. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n wá rí i pé èròjà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ pàtó tó máa ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀. Ìlà tí háídrójìn ń fi sílẹ̀ kò bá ti irin dọ́gba, ti irin kò sì bá ti sódíọ̀mù dọ́gba. Ẹni tó bá mọ àwọn ìlà yìí lè jókòó sórí ilẹ̀ ayé kó sì sọ ohun tó wà lára ìràwọ̀ tí kò lè fọwọ́ kàn láéláé. Hílíọ́ọ̀mù gan-an, inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìlà rẹ̀ ní ọdún 1868. Ó di ọdún 1895 kí wọ́n tó rí i lórí ilẹ̀ ayé.

Ní ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Cecilia Payne, tó ń ṣèwádìí ní ilé ìwòràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà, fi àwọn ìlà wọ̀nyí ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé háídrójìn àti hílíọ́ọ̀mù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara ìràwọ̀. Nígbà náà, àwọn àgbà onímọ̀ gbà pé irú èròjà tó wà nínú ilẹ̀ ayé ló wà nínú oòrùn, ní ìwọ̀n kan náà. Henry Norris Russell, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, Payne sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó dà bíi pé àbájáde náà kì í ṣe òótọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Russell fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí Payne ti dé ṣáájú. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ obìnrin yìí kí wọ́n tó mọ orúkọ plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ.

Àwọ̀ ìràwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. A ti mọ́ iná pupa mọ́ ooru líle débi pé a rò pé ìràwọ̀ pupa ló gbóná jù. Òdì kejì ni. Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa ńlá tó wà lára àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion, kò gbóná tó oòrùn lójú. Nǹkan bí 3,000°C ó lé díẹ̀ ni. Rigel, tó wà lára Orion kan náà, tó ń tàn funfun bíi búlúù, lé ní 10,000°C.

Ìwúwo tí ìràwọ̀ bá fi bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu iye ọjọ́ tí yóò lò. Èyí tó wúwo jọjọ ń yára lo háídrójìn rẹ̀, kì í sì í ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ kó tó bú gbàù. Àwọn kéékèèké tó pupa ń ṣún tiwọn lò, wọ́n sì lè pẹ́ ju iye ọdún tí àgbáńlá ayé ti lò títí di òní. Oòrùn wà láàárín. Ó ṣì ní nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún ọdún kó tó wú, kó pọ́n, kó tú ara òde rẹ̀ dànù, kó sì ku àárín funfun kékeré tí yóò máa tutù lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ tuntun kan yọ tó mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ń rí i lọ́sàn-án. Ìràwọ̀ tó ń bú gbàù ni, àjákù rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run tí a ń fi awò, ẹ̀rọ tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú, wò títí di òní. Inú ìràwọ̀ àti inú irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ ni irin inú ẹ̀jẹ̀ wa, ọ́síjìn tí a ń mí sínú àti kálíṣíọ̀mù inú egungun wa ti wá.

Plánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àgùàlà ni plánẹ́ẹ̀tì Venus, bó sì tilẹ̀ dà bíi pé ó fara ti òṣùpá ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì jìnnà ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ojú ọ̀run kì í fi ọ̀nà jíjìn hàn. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara lójú wa lè máa fi mílíọ̀nù kìlómítà jìnnà síra.

Plánẹ́ẹ̀tì kì í tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bà lé e lára ló ń dá padà. Ọ̀nà méjì ni ẹni tí kò ní awò lè fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìràwọ̀: kì í sábà ṣẹ́jú wínníwínní bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú, ó sì máa ń ṣípò láti alẹ́ dé alẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀ tí àwọn ò ṣípò láàárín ara wọn. Mẹ́jọ ló ń yí oòrùn po: Mercury, Venus, ilẹ̀ ayé wa, Mars, Jupiter, Saturn, Uranus àti Neptune. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ òkúta. Jupiter àti Saturn jẹ́ gáàsì ní èyí tó pọ̀ jù, Uranus àti Neptune sì kún fún omi, amóníà àti mẹ́táànì.

Pluto ńkọ́? Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ṣe ìpàdé ní ìlú Prague, wọ́n sì fẹnu kò pé ohun tí a óò máa pè ní plánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn po, agbára òòfà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ di róbótó, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba gbogbo ọ̀nà tó ń tọ̀ fún ara rẹ̀. Pluto kò pé ẹ̀kẹta, torí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó jẹ́ yìnyín wà ní sàkáání rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe Pluto fúnra rẹ̀; ó ṣì wà níbi tó wà.

Venus yẹ lẹ́ni tí a ń dúró wò díẹ̀ sí i. Mercury ló sún mọ́ oòrùn jù, síbẹ̀ Venus ló gbóná jù, ó tó nǹkan bí 465°C lọ́sàn-án lóru. Káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tó ṣú bò ó nípọn gan-an, ooru tó bá wọlé kì í rọ́nà jáde. Ó tún ń yí lórí ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ débi pé yíyí ẹ̀ẹ̀kan ń gbà á ní ọjọ́ 243 tiwa, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 225 ló fi ń yí oòrùn po.

Títí di ọdún 1995, kò sí ẹni tó tíì rí plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn tó dà bí oòrùn po. Ọdún yẹn ni Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣàkíyèsí pé ìlà inú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ 51 Pegasi ń mì lọ mì bọ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Plánẹ́ẹ̀tì kan ló ń fa ìràwọ̀ náà. Wọn kò rí plánẹ́ẹ̀tì náà sójú. Àwọn ìlà ló tú àṣírí rẹ̀. Àwọn tí a ti mọ̀ báyìí lé ní 5,000.

Ta ló lọ wọ̀n ọ́n?

Ó ku ìbéèrè mẹ́ta wa. Mo fẹ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn ṣáájú, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn méjì tó kù wà.

Gbogbo ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí wà nínú agbo kan tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò sì dín ní 100 bílíọ̀nù. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé agbo yìí ni gbogbo ohun tó wà, pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn ìkùukùu tí awò ń fi hàn, tí Andromeda jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò yé wọn: ṣé inú agbo wa ni wọ́n wà ni, àbí ìta?

Henrietta Leavitt ló fún wọn ní òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard ni kó máa fi ara balẹ̀ yẹ àwòrán ìràwọ̀ wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń pọ̀, tí yóò dín, tí yóò tún pọ̀, ní ìwọ̀n ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ní ọdún 1912, ó fi hàn pé bí ìgbà tí ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò láti pọ̀ dé ìgbà tó tún pọ̀ bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gan-an ṣe lágbára tó. Èyí ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ìràwọ̀ tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ péré ni a óò rí. Nítorí náà, bí a bá ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó ní tòótọ́, tí a sì wọn ìwọ̀nba tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣirò lásán ló kù láti mọ bí ó ṣe jìnnà tó.

Ní ọdún 1923, Edwin Hubble fi awò tó tóbi jù láyé nígbà náà, lórí òkè Mount Wilson ní California, rí irú ìràwọ̀ Leavitt kan nínú Andromeda. Ìṣirò rẹ̀ gbé Andromeda jáde pátápátá kúrò nínú Milky Way. Bí ìkùukùu yẹn ṣe di odindi agbo ìràwọ̀ nìyẹn, tí àgbáńlá ayé sì tóbi ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Láàárín àkókò kan náà, Vesto Slipher ti ń wo ìlà inú ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo yìí ní ilé ìwòràwọ̀ Lowell ní Arizona láti ọdún 1912. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì. Ìgbì rẹ̀ tó gùn ni ojú wa ń rí bíi pupa, èyí tó kúrú ni ojú wa ń rí bíi búlúù. Slipher rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn agbo náà, gbogbo ìlà tó mọ̀ ti kúrò ní àyè wọn, wọ́n ti yẹ̀ sí ìhà pupa. Ìgbì wọn ti nà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbo wọ̀nyẹn ń jìnnà sí wa.

Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, Georges Lemaître, ló kọ́kọ́ so okùn méjèèjì pọ̀. Ó tẹ̀ lé ìlànà Einstein nípa agbára òòfà, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 1927 pé àgbáńlá ayé fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́, inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí kò gbajúmọ̀ ló sì gbé e sí, díẹ̀ ló kà á. Ní ọdún 1929, Hubble gbé ìwọ̀n tirẹ̀ jáde: agbo tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ni eré tó fi ń lọ. Òfin Hubble ni gbogbo ayé ń pè é títí di ọdún 2018, nígbà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò pé kí wọ́n máa fi orúkọ Lemaître kún un. Ó tọ́ sí i.

Bí ìwọ̀n náà ṣe rí báyìí ni pé fún mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí agbo kan bá fi jìnnà sí wa, nǹkan bí kìlómítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń kún eré rẹ̀. Agbo tó wà ní 326 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ ń jìnnà sí wa ní nǹkan bí 7,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibo ni àárín rẹ̀, inú kí ló sì ń fẹ̀ sí?

Ó jọ pé a wà láàárín gbùngbùn nígbà náà, àbí? Gbogbo agbo ń sá fún wa. Ẹ mú rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ṣe é fà. Ẹ fi bírò sàmì sí i ní ibi márùn-ún, kí àlàfo àárín àmì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ pè wọ́n ní A, B, D, E, Ẹ. Ẹ wá fà á títí gígùn rẹ̀ yóò fi di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá dúró sórí A, B tó wà ní sẹ̀ǹtímítà kan ti di méjì, ó ti sún síwájú ní ẹyọ kan. D tó wà ní méjì ti di mẹ́rin, ó ti sún ní méjì. E ti sún ní mẹ́ta. Láàárín àkókò kan náà, èyí tó jìnnà jù ló sún jù. Òfin Lemaître àti Hubble gan-an nìyẹn.

Ẹ kúrò lórí A, kí ẹ dúró sórí D. B àti E ti sún ní ẹyọ kan kan, A àti Ẹ ní méjì méjì, kálukú sí ìhà tirẹ̀. Lójú D, òun ni gbogbo wọn ń sá fún. Ẹni tó wà lórí B náà yóò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì kankan tó rìn lórí rọ́bà. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló gùn sí i. Bí ti àgbáńlá ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá wà nínú agbo ìràwọ̀ mìíràn lónìí yóò rí agbo tiwa bí èyí tó ń sá lọ, yóò sì rò pé àárín ni òun wà. Kò sí àárín.

Ibì kan ni rọ́bà ti yàtọ̀. Rọ́bà ní etí, ó sì ń nà sínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká. A kò rí etí kankan fún àgbáńlá ayé, ìlànà tó sì ṣàlàyé fífẹ̀ rẹ̀ kò nílò ìta tí yóò fẹ̀ sí. Ohun tí a ń sọ ni pé àlàfo láàárín agbo kan sí agbo mìíràn ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn ènìyàn kì í fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo ohun tó ń fẹ̀ tí a ti fojú rí ló ní ìta.

Àwa náà ńkọ́, ṣé a ń fẹ̀? Rárá. Ohun tí agbára òòfà tàbí agbára inú átọ̀mù bá ti dì mú kì í bá a fẹ̀: ara wa, ilẹ̀ ayé, plánẹ́ẹ̀tì àti oòrùn, kódà odindi agbo ìràwọ̀ kan. Andromeda pàápàá ń bọ̀ wá bá wa ni, ní nǹkan bí kìlómítà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ó sún mọ́ wa débi pé òòfà borí fífẹ̀. Láàárín àwọn agbo tó jìnnà síra gan-an ni fífẹ̀ ti ń borí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà papọ̀

Ohun tó ń fẹ̀ lónìí kéré sí báyìí lánàá. Tí a bá ṣírò padà sẹ́yìn, a óò dé ìgbà kan, nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo ohun tí a ń rí lónìí fún pọ̀, tó sì gbóná kọjá sísọ. Big Bang ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ fífẹ̀ náà. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ìwé ń yà fún un kò dára: bọ́ǹbù kan tó bú láàárín òkùnkùn, tí ẹ̀ka iná ń fò lọ sí àyè tó ṣófo. Kò sí àyè òfìfo kan tó ń dúró dè é. Ibi gbogbo ló ti ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí ẹ jókòó sí tí ẹ ń ka èyí.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ kò wá láti inú awò rárá. Ní ọdún 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo eriali ńlá kan ní Holmdel, ní New Jersey, wọ́n sì ń gbọ́ ariwo wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan tí kò dákẹ́. Ibikíbi tí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sí, ariwo náà kì í yàtọ̀, lọ́sàn-án, lóru, ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù. Wọ́n yẹ gbogbo wáyà wò. Wọ́n lé ẹyẹlé tó ti kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n gbọ́n ìgbẹ́ wọn dànù. Ariwo kò lọ. Ìmọ́lẹ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí àgbáńlá ayé wà ní nǹkan bí 380,000 ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù dé nǹkan bí 3,000 dígírì, ìmọ́lẹ̀ sì rí ọ̀nà rìn láìsí ìdènà fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà yẹn, fífẹ̀ ti na ìgbì rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,100, ó ti kúrò ní ohun tí ojú lè rí, ó ti di ìgbì bíi ti rédíò. Ooru rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí -270°C. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978.

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n ti máa ń dá olùkọ́ dúró. Bí ọdún tí ìmọ́lẹ̀ ti fi rìn bá jẹ́ bílíọ̀nù 13.8, kí ló dé tí wọ́n fi ní ibi tó jìnnà jù tí a lè rí wà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 46 ọdún ìmọ́lẹ̀? Ìdí ni pé ọ̀nà ń gùn sí i nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀. Ibi tó ti gbéra kò dúró dè é. Àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ̀ lọ.

Títí di ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, ohun tí wọ́n rò ni pé òòfà yóò máa dín eré fífẹ̀ yìí kù. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì tó ń wo ìràwọ̀ tó bú gbàù níbi tó jìnnà réré rí òdì kejì: eré náà ń pọ̀ sí i. Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2011. Ohun tó ń tì í kò ní àlàyé títí di òní, orúkọ nìkan ló ní: agbára òkùnkùn, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dark energy. Ìṣirò fi hàn pé ó tó nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà. Ìdá 27 mìíràn jẹ́ ohun kan tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tí kì í dá a dúró, tó jẹ́ pé òòfà rẹ̀ lára agbo ìràwọ̀ ni a fi mọ̀ pé ó wà. Gbogbo ìràwọ̀, gbogbo plánẹ́ẹ̀tì àti gbogbo gáàsì pọ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún péré ni.

Iye eré fífẹ̀ náà pàápàá ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n láti inú ariwo Penzias àti Wilson ń rí nǹkan bí kìlómítà 67 fún mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo ìràwọ̀ Leavitt àti ìràwọ̀ tó ń bú gbàù ń rí nǹkan bí 73. Méjèèjì ti ṣọ́ra gidigidi, àlàfo náà sì tóbi ju àṣìṣe tí wọ́n retí lọ. Awò James Webb, tó gbéra lọ sí òfuurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ti ń tún àwọn ìràwọ̀ Leavitt náà wọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan.